Oríkì Rẹ̀ Nìkan Ni Mo Mọ̀

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún, tí o jókòó sínú mọ́tò rẹ ní parking lot ilé ìwòsàn, tí ọwọ́ rẹ kò lè yí kọ́kọ́rọ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Má tíì wakọ̀. Ṣí fèrèsé díẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. N kì í sọ̀rọ̀ kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó tọ́ mi dàgbà ṣe rí, ṣùgbọ́n bí o bá ní sùúrù, màá sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí mo wà lónìí.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Tucker, lẹ́bàá Atlanta, ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń tẹ orúkọ ọjà sára páálí. Shift mi máa ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, ó sì máa ń parí láago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mò ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Sunday, kí Yorùbá má baà gbẹ lẹ́nu wọn. Bróòdá Délé ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Mo ti yí orúkọ náà padà díẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá mi. Mi ò gbéyàwó. Gbogbo ìjọ ló ń bá mi gbàdúrà sí i. Èmi nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà ló kù. Láti kékeré, ọkùnrin ni ọkàn mi ń fà sí. Ó ti rọrùn láti kọ báyìí, ṣùgbọ́n àádọ́ta ọdún ló gbà mí.

Páàkì kan wà láàárín Atlanta, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bí o bá jẹ́ irú mi, o mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá jẹ́ irú mi, ó ṣeé ṣe kí o ti fa ajá rẹ kọjá níbẹ̀ láìfura. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan wà ní ìsàlẹ̀, létí odò kékeré, igi oak àti igi pine ṣíji bò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà ooru, tí oòrùn kì í tètè wọ̀, àwọn ọkùnrin máa ń wá síbẹ̀. Wọ́n á páàkì, wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí o wo òun á tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ á ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà yóò sọ̀kalẹ̀, yóò gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wọ inú igbó lọ, kò sì ní wẹ̀yìn. O lè tẹ̀ lé e, o lè jókòó rẹ. Tí ẹnìkan bá mirí pé rárá, rárá náà nìyẹn, kò sí ìjà, kò sí èébú. A kì í sọ̀rọ̀. A kì í béèrè orúkọ.

Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé àga rẹ̀ wá láti ilé. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òun ti ń wá síbẹ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí òun, nígbà tí ọkọ̀ kì í ríbi dúró sí. "Fóònù ló ba ibí jẹ́," ó ní. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ìka yan ènìyàn bí ẹni ń yan bàtà. Àwa tó kù níbí, ojú la fi ń wá ojú."

Òótọ́ ni. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé àdúrà ni mo ń lọ gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà tí n kò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rárá. Mo kàn ń jókòó, kí ẹnìkan lè wò mí bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n wò mí, fún ìṣẹ́jú kan, kí n tó wakọ̀ padà sí Tucker lọ se ìrẹsì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kan, mo ń sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn ni mo fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò igi. Díẹ̀ ló kù kí n fi ẹnu gbálẹ̀. Ọkùnrin kan wà níwájú mi, ó kẹ̀yìn sí mi. Kó tó yíjú padà rárá, ó ti ní, "Pẹ̀lẹ́ o!"

Ẹ wò ó, ní orílẹ̀-èdè yìí, wọn kì í kí ènìyàn pẹ̀lẹ́ nítorí gbòǹgbò tí wọn ò gbìn. Àwa méjèèjì dúró gbagidi bí ẹni tí ọlọ́pàá tanná sí lójú.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Kí ni kí n bínú sí? Ṣé ìwọ lo gbin igi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ, sà?"

"Wọn kì í béèrè ìyẹn níbí."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n máa sáré lọ ni."

Nígbà tí mo sọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó mí kanlẹ̀. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. A jókòó sórí igi tó ti wó. Kò sọ orúkọ rẹ̀, èmi náà ò sọ tèmi. Lẹ́yìn tó ti pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ oríkì yín fún mi. Ìyẹn ò sí lórí ID."

"Àkànbí."

"Èmi, Àlàó." Ó wá tún un pè, ó rọra fà á bí wọ́n ṣe ń fà á nílé: "Àkànbí."

Ìyá mi ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, tí mo bá ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní Àkànbí, wọ́n á wá máa kì mí lọ títí tí n ó fi rò pé mo ga ju òrùlé lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bróòdá ni mí, Uncle ni mí, Mister ni mí níbi iṣẹ́. Kí ọkùnrin kan wá pè é fún mi lábẹ́ igi ní Georgia! Mi ò sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe nítorí àìsàn.

Ìgbà ooru méjì la fi ń pàdé ní gbogbo Thursday. Káfíńtà ni, ó ń ṣiṣẹ́ lápá Fayetteville, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Àwọn ilé tí wọ́n ń yà nínú fíìmù ló ń kàn, iwájú ilé lásán. "Ẹ̀gbọ́n," yóò ní, "ẹ bá rí ilé tí mo kàn lánàá, ẹ ó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ wá ṣílẹ̀kùn, pápá ni." Yóò ra ẹ̀pà sísè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, a ó jọ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Màá pàlọ́ fún un. Tí mo bá ní "Àlọ́ o," yóò dáhùn "Àlọ̀" bí ọmọ ọdún méje. Ó mọ orin àlọ́ ju èmi lọ. Láàárín ìgbà yẹn, a ò gba nọ́ńbà ara wa. A rò pé ọgbọ́n ni: ohun tí a kò bá mọ̀, kò sí ẹni tó lè fà á yọ lẹ́nu wa.

Oṣù kẹsàn-án ọdún kejì ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Òógùn kọ́kọ́ ni. Màá jí, ibùsùn ti tutù rinrin bí ẹni tó sùn sétí odò. Lẹ́yìn náà, nǹkan funfun bo ahọ́n mi. Ata tí mo fẹ́ràn wá ń ta mí bí iná. Ìléròrò tò sí ẹ̀gbẹ́ mi lápá ọ̀tún, aṣọ kò gbọdọ̀ kàn án. Mo lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi, mo tún lu òmíràn. Fún gbogbo rẹ̀ ni mo ní àlàyé. Òógùn, heater ni. Ahọ́n, kọfí ni. Ìléròrò, kòkòrò inú igbó ló jẹ mí.

Ní Thursday kan, Àlàó tẹjú mọ́ mi títí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń jẹun?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó da gbogbo ẹ̀pà tó kù lé mi lọ́wọ́. Ní Thursday tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, kò wá. Mo ń lọ títí ewé fi wọ́ dànù tán lórí igi, tí èèyàn lè rí títì láti inú igbó. Bàbá òyìnbó tó máa ń gbé àga wá náà ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ dà?" Mo ní iṣẹ́ ló gbé e lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Oṣù kìíní dé, ṣọ́ọ̀ṣì kéde àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Àsìkò yẹn ni àìsàn náà rí aṣọ wọ̀. Gbogbo ènìyàn ń rù, ta ló fẹ́ mọ ẹni tó rù jù? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sístà Bísí tó ń gbé ní Lilburn, fọwọ́ kan ọrùn mi lẹ́yìn ìsìn. "Wò ó bí ọrùn ẹ ṣe rẹwà! Àwẹ̀ yìí bá ẹ lára mu." Pásítọ̀ wa nawọ́ sí mi láti orí pẹpẹ: "Ẹ wo Bróòdá Délé! Ẹran ara ti ń kú!" Ìjọ ní àmín. Èmi náà ní àmín. Tí o bá ń ka èyí, tí o sì ń fi àwẹ̀ bo ohun tí ara rẹ ń sọ fún ọ, jọ̀wọ́, jẹun, kí o lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọlọ́run kò ní bínú.

Oṣù kejì ni mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ níbi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. A débẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n fi rọ́bà sọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó. Ọkùnrin kan wà lápá òsì mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìyá kan wà lápá ọ̀tún tó ń bá tẹlifíṣàn jà. Mò ń wúkọ́, àwọn ènìyàn ń sún sẹ́yìn. Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n ya àyà mi ní fọ́tò, ẹ̀dọ̀fóró mi ti kún. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, dókítà obìnrin kan wọlé, ó fa àga, ó jókòó. Dókítà tó bá jókòó, ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé wá. Ó ní kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, bóyá ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ikú. Orúkọ tó wà láyà nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ni: Ṣadé. Yorùbá ni. Ìwọ náà mọ Atlanta: kò sí wọ́ọ̀dù tí ọmọ wa kan ò sí, kò sì sí nọ́ọ̀sì wa tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì náà wọlé, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ ǹlẹ́, sà. Ṣé Yorùbá ni yín?"

Mo fi èdè òyìnbó dá a lóhùn pé ọmọ Ghana ni mí. Ó wo orúkọ mi lórí ìwé, ó wò mí, ó ní ó dáa. Fún ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jẹ́ ọmọ Ghana. Ó wá di ọjọ́ kẹta, ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ wá iṣan mi, kò tètè rí i, ó yí abẹ́rẹ́ náà. Mo pariwo: "Yéè! Ìyá mi o! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Nọ́ọ̀sì Ṣadé gbé ọwọ́ dúró. "Ghana apá ibo nìyí, sà? Ghana Ògbómọ̀ṣọ́?"

Ẹ̀rín pa mí, ikọ́ pa mí, ẹkún tẹ̀ lé e. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ gbọ́, sà. Iṣẹ́ mi ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yín jáde, mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yín ò sì ní dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi pàápàá." Lẹ́yìn náà ni òun gan-an ṣàlàyé fún mi, ní Yorùbá, ohun tí dókítà ti sọ tí n kò gbọ́. Nílé, àrùn tí kò gbóògùn ni wọ́n ń pè é. Ó gbóògùn. Hóró kan lójúmọ́ ni. Kò ní jáde pátápátá, ṣùgbọ́n yóò sùn, yóò sùn débi pé ẹ̀rọ ò ní rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, n kò sì ní lè fún ẹnikẹ́ni. "Ṣùgbọ́n ẹ máa lò ó o, sà. Kì í ṣe pé ara yá, ẹ sọ ọ́ nù." Nípa owó, ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ bá mi kọ fọ́ọ̀mù ètò tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Béèrè. Má fi owó pa ara rẹ láì tíì béèrè.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, obìnrin kan láti ẹ̀ka ìlera ìjọba wá bá mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kàn sí àwọn tí mo ti bá lò pọ̀, láìdárúkọ mi, kí wọ́n lè lọ yẹ ara wọn wò. Àwọn tí n kò lè dárúkọ pọ̀, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì bú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí Àlàó, mo dìde jókòó lórí ibùsùn. Dókítà ti ní ó pẹ́ lára mi. Ìyẹn ni pé èmi ni mo gbé e lọ bá a, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo fojú inú rí i níbi tó ti ń gun àkàbà pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu, tí kò mọ ohun tó ń jẹ ẹ́.

"Orúkọ bàbá rẹ̀?" obìnrin náà béèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ti òun fúnra rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Àlàó ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "O mọ ohun tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í, o kò mọ orúkọ rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú tì mí. Lójú tèmi, mo ti rò pé èyí tó jinlẹ̀ jù ni mo mọ̀.

Mo padà sílé. Sístà Bísí ń gbé oúnjẹ wá láti Lilburn. Ní ọjọ́ kan, ó ń wá ṣíbí nínú dùrọ́ọ̀ mi, ó rí ìgò oògùn. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ ìgò.

"Délé. Obìnrin wo ni?"

"Kì í ṣe obìnrin."

Ọbẹ̀ ń hó lórí iná. Ó dìde, ó lọ pa iná, ó padà wá jókòó. Mo ń retí kó gbá mi létí. Ó ní, "Kí Màmá tó kú, wọ́n sọ fún mi pé kí n má fi ọ̀rọ̀ ìyàwó da Àkànbí àwọn láàmú. Wọ́n ní, 'Fi í sílẹ̀, mo mọ ẹni tí mo bí.' Mi ò gbọ́ràn." Ó wá bú sẹ́kún. Ìyá mi mọ̀, wọ́n sì ń kì mí ní àràárọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sístà mi kì í ṣe ẹni tó ń sunkún pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti gba àgbo tí ẹnìkan gbé wá láti Abẹ́òkúta, ó kún gálọ́ọ̀nù. Omi ewúro tún wà. Òróró wà. "Hóró tí ò ń gbé mì láràárọ̀ yẹn," ó ní, "ìjẹ́wọ́ ni. Ò ń fi ẹnu ara ẹ sọ pé ó wà lára ẹ. Fi í sílẹ̀ fún ogún ọjọ́, kí á fi ìgbàgbọ́ dojú kọ ọ́. Tìtorí mi, àbúrò mi."

Tìtorí rẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un, tó ṣì ń se ọbẹ̀ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé rárá? Mo fi oògùn sílẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún, ibà ti dé padà, òógùn ti dé padà, ahọ́n ti tún funfun. Mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n bá mi wí dáadáa, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n dá mi padà sórí oògùn. Mo gbé gálọ́ọ̀nù àgbo náà padà sí Lilburn, mo gbé e sí iwájú ilẹ̀kùn. Mo ní, "Sístà, àdúrà, mo ń fẹ́. Ẹ máa gbà á nígbà tí mo bá ń gbé hóró mi mì." Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó pè mí ní aago márùn-ún àárọ̀. "Ṣé o ti lò ó?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá Àlàó. Mo lọ sí páàkì, bàbá alága ò rí i. Mo wá lọ sí Fayetteville, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé, nítorí kò sí ọmọ wa tí kì í ra gàárì. Mo bá ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

"Mo ń wá Àlàó kan."

"Àlàó wo? Àlàó dókítà eyín, àbí Àlàó tó ń ta mọ́tò?"

"Káfíńtà ni. Oríkì rẹ̀ ni Àlàó."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Oríkì! Ẹ̀gbọ́n, America yìí lẹ ti fẹ́ fi oríkì wá ènìyàn? Ó jẹ yín lówó ni?"

"Rárá. Ọ̀rọ̀ ni mo jẹ ẹ́."

Kí n tó dá a dúró, ó ti pe Àlàó tó ń ta mọ́tò. "Sà, ẹnìkan wà níbí, ó ní káfíńtà ni yín." Ìbínú ọkùnrin yẹn gbọ̀n fóònù. Nígbà tó bínú tán, ó ní kí wọ́n bi mí bóyá mo nílò Camry.

Ṣọ́ọ̀bù náà ní bọ́ọ̀dù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń lẹ ìwé mọ́: yàrá ń bẹ, a ń dirun, a ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Mo kọ tèmi náà: "Àlàó káfíńtà, ẹni tí o kí pẹ̀lẹ́ nítorí gbòǹgbò ń wá ọ. Ó kan ìlera rẹ. Jọ̀wọ́, pè mí." Mo fi nọ́ńbà sí i. Ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, gbogbo nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni mo ń gbé, mo sì gbọ́ ìpolówó oríṣiríṣi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mo wà níbi iṣẹ́, a ń sinmi láti jẹun, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n Àkànbí?"

Mo jókòó sórí páálí.

"Ta ló kú?" ó ní. "Mo rí ìwé yín, ọkàn mi já."

"Kò sẹ́ni tó kú. Àlàó, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dárí jì mí tó bá jẹ́ èmi ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ nípa tèmi láti ọdún mẹ́fà. Hóró kan láràárọ̀. Wọn kì í rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Ẹ ò lè ti ọwọ́ mi kó o, ẹ ò sì fún mi ní nǹkan kan."

Ìbẹ̀rù oṣù mẹ́rin kúrò lára mi ní ìṣẹ́jú kan. Ìbínú sì gba ipò rẹ̀.

"O rí mi tí mo ń rù."

"Mo rí yín. Bí èmi náà ṣe rù nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní tí mo bá sọ ọ́, ẹ ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo wá sá."

"Díẹ̀ ló kù kí n kú, Àlàó."

"Mo mọ̀, sà." Ó tún un sọ: "Mo mọ̀."

Mi ò dárí jì í lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rántí pé èmi náà jókòó tì í fún ìgbà ooru méjì, mo ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀, n kò sì bi í léèrè ohunkóhun tí mo ń bẹ̀rù láti gbọ́. Bí o bá mọ ẹnìkan tó ń rù, tí ìwọ sì ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, sọ fún un. Kó kórìíra rẹ sàn ju kó kú lọ.

Kó tó sọ fóònù kalẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi ti dé, ẹ̀gbọ́n. Òun àti àwọn ọmọ. Físà wọn jáde ní oṣù kẹwàá."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀ nípa oògùn, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òun ló ń rán mi létí. Kò mọ̀ nípa páàkì." Ó wá ní, "Mi ò lè máa bọ̀ mọ́."

"Mi ò sọ pé kí o máa bọ̀," mo ní. Irọ́ ni mo pa, ó sì mọ̀.

Ó bẹ̀ mí kí n má fi nọ́ńbà náà pamọ́. Mo pa á rẹ́ níṣojú ara mi. Ṣùgbọ́n ọmọ àwọn tó ń fi orí gbé ìtàn ìdílé ni mí, nọ́ńbà mẹ́wàá kò lè ṣòro fún mi.

Ara mi ti yá báyìí. Ó ti lé ní ọdún kan. Mo ti padà sí ihò tí bẹ́líìtì mi ní nígbà tí mo rà á. Ní ìgbà mẹ́ta tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kẹ́yìn, ẹ̀rọ ò rí kòkòrò náà. Mò ń jẹ ata. Mò ń pàlọ́ lọ́jọ́ Sunday, àwọn ọmọ náà ò sì tíì mọ̀ pé orin àlọ́ kan ní ìlà tí mo máa ń fò, nítorí Àlàó ló máa ń kọ ọ́. Sístà Bísí ti ka ìwé lórí oògùn náà débi pé ó ń bá àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì jiyàn, láìsọ ìdí rẹ̀. Ìwọ tó wà nínú mọ́tò, o ó dé ibi tí mo dé yìí. Yí kọ́kọ́rọ́, máa lọ sílé, jẹun, kí o sì padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ.

Ní ọjọ́ Saturday tí n kò bá ní iṣẹ́, mo máa ń wakọ̀ lọ sí gúúsù, lójú ọ̀nà Fayetteville. Ilé epo kan wà kí a tó wọ ìlú náà. Màá ra epo níbẹ̀, yálà mo nílò rẹ̀ tàbí n kò nílò rẹ̀. Màá dúró títí páǹpù yóò fi dá dúró, màá wo ọ̀nà tó wọ ìlú tí Àlàó wà. Màá wá yí orí ọkọ̀ padà sí Tucker.